Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe ètò ìwé ìrántí yìí bẹ̀ wá pé kí a kọ ìtàn díẹ̀ tí ó dùn mọ́ ni nípa Ìpínlẹ̀ Ògùn, irú èyí tí àwọn ọmọ lè fi dán ara wọn wò ní alẹ́. Tayọ̀tayọ̀ ni a fi gbà. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà lọ́rùn àwa mẹ́ta tí a jùmọ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí. Gbèsè náà so mọ́ ìtàn tí wọ́n ní kí a sọ, a kò sì lè sọ ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀.

Ní ọdún 1988, nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹrin, ilé-ẹ̀kọ́ wa yan ọmọ mẹ́rin láti lọ díje nínú ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìtàn ìpínlẹ̀ wa. Àwa mẹ́ta wà níbẹ̀. Ẹnì kẹrin ni ọ̀rẹ́ wa kan tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní Àgbà. Kì í ṣe pé ó dàgbà jù wá lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, aláró kan ní Ìtọ́kù, ni a ti tọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì máa ń jáde bí ọ̀rọ̀ ẹni àádọ́rin ọdún. Bí a bá ń pariwo nínú yàrá ìsùn lóru, òun ni yóò gbé orí sókè láti orí ibùsùn rẹ̀, tí yóò ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú ni?"

Olùkọ́ ìtàn wa fún wa ní ìwé ìkọ̀wé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù, wọ́n sì pàṣẹ pé ohunkóhun tí a bá gbọ́, kí a kọ ọ́ síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni a fi kọ ọ́. Orúkọ ìpínlẹ̀ wa gan-an ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Ògún, òrìṣà irin, ni a fi sọ ìpínlẹ̀ náà lórúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Odò Ògùn ni, odò tí ó ṣàn láti apá Ṣakí lókè wá, tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá, tí ó sì já sínú ọ̀sà ní Èkó. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya odò náà sọ́tọ̀ kúrò lára òrìṣà. Máàkì kan ni olùkọ́ wa máa ń gé fún àmì kọ̀ọ̀kan tí a bá gbàgbé, a sì kórìíra àṣà náà nígbà náà. Lónìí, bí a bá rí orúkọ ìpínlẹ̀ wa láìní àmì lórí pátákó lẹ́bàá ọ̀nà, ọwọ́ a máa yún wa bí ẹni pé kí a gun àkàbà lọ fi í sí i.

Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, nígbà tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn àtijọ́ sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Ògùn. Gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ tí ó jẹ níbẹ̀, Olóyè Olábísí Ọ̀nàbánjọ, akọ̀ròyìn ni kí ó tó di gómìnà. Ayékòótọ́ ni orúkọ tí ó fi ń kọ̀wé. Èyí dùn mọ́ wa púpọ̀, nítorí a rò pé àwọn gómìnà kì í ṣe iṣẹ́ kankan rí kí wọ́n tó jẹ.

Kí a sọ òótọ́, ìhà Ìjẹ̀bú ni ó kọ́kọ́ mú wa lórí yá. Yàrà ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Eredo Ṣùngbọ́, tí a gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 160. Ní àwọn ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi rẹ̀ tó mítà 20, tí àwọn igi igbó sì ti bò ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè rìn bá a láìmọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni. Àwọn ará Òkè-Ẹ̀rì gbà pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Bílíkísù Ṣùngbọ́ ni ó ní kí a gbẹ́ ẹ, ọ̀dọ̀ wọn ni ibojì rẹ̀ sì wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a tún máa sọ pé òun náà ni Ọbabìnrin Ṣébà tí ó lọ wo ọgbọ́n Sólómọ́nì! Ẹ fojú inú wo ohun tí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe fún àwa ọmọ ilé-ìwé Kristẹni. Alẹ́ ọjọ́ náà ni a ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí kẹwàá, tí a ń wá Ìjẹ̀bú nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò gbà á gbọ́, nítorí ìgbà Sólómọ́nì ti kọjá lọ tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó gbẹ́ yàrà náà. Síbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó wà láàárín wa kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí di òní, bí ẹ bá sì pàdé rẹ̀ níbi àjọ̀dún, ẹ má ṣe dá a dúró.

Àwọn yòókù a kọ wọ́n bí a ti ń gbọ́ wọn. Pé Olóyè J. F. Ọdúnjọ tí ó kọ Aláwíyé, ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí wa fi mọ̀wé kà, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni. Pé Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin ìyìn sínú àwo gírámófóònù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Pé Aláké Gbádébọ̀ Kìn-ín-ní lọ kí ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1904. Pé ní Arò, láti 1954, Dókítà Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí àwọn tí ọpọlọ wọn kò péye máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká nígbà tí wọ́n bá ń gba ìtọ́jú, tí àwọn ènìyàn òkè òkun sì wá wo bí ó ti ń ṣe é. Pé Ìyálóde Tinúbú rí oyè rẹ̀ gbà ní 1864, lẹ́yìn tí ó ti pèsè ohun ìjà fún àwọn Ẹ̀gbá láti fi lé ogun Dàhòmì padà. Pé àwọn obìnrin tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn kọ̀ láti san owó orí, títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Wọlé Ṣóyínká gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Èyí kò tilẹ̀ tíì di ìtàn nígbà náà, ìròyìn rédíò ni.

Apá tí a mọ̀ jù lọ ni ti bí ìhìnrere ṣe dé Abẹ́òkúta, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bí tiwa. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé wá sá dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, Ṣódẹkẹ́ ni aṣáájú wọn. Ní oṣù kejìlá 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wá bẹ̀ wọ́n wò. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà náà dé, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1843. Ṣódẹkẹ́ gba àwọn méjèèjì tọwọ́tẹsẹ̀. Ní 1846, Townsend padà wá láti máa gbé ìlú náà, Samuel Àjàyí Crowther sì bá a wá. Níbẹ̀ ni Crowther ti tún fi ojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlà, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti fi ìyá àti ọmọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú oko ẹrú. Ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà. Nígbà tí olùkọ́ wa kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́, ẹni tí ó sì wà lẹ́bàá fèrèsé ṣe bí ẹni pé ìdọ̀tí kó sí òun lójú.

Ní 1859 ni Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, èdè Yorùbá ni a sì fi kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó ń jáde. Owó ẹyọ 120 ni iye rẹ̀. Ìròyìn ìjọ, ọmọ tí a bí, ẹni tí ó kú, iye owó òwú ní ọjà, gbogbo rẹ̀ ni ó ń gbé jáde. Nínú ìwé ìkọ̀wé wa, ojú ìwé 21, ẹnì kan nínú àwa mẹ́ta kọ gbogbo èyí sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ dáradára, ó sì fi ìlà kan parí rẹ̀: "Ó parí ní 1867." Kò sí ẹni tí ó bèèrè ohun tí ó fa á. Ìwé wa kún fún àkọ́kọ́, ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ni a ń wá. Ohun tí ó parí kò jẹ́ nǹkan kan lójú wa.

Ọjọ́ ìdíje pé. Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́. Àwọn àlùfáà àti àwọn àgbààgbà ìlú jókòó ní ìlà iwájú, aṣọ funfun àti kọ́là wọn ń dán. Títí dé ìbéèrè kẹrìndínlógún, àwa ni a wà níwájú pẹ̀lú máàkì kan. Ẹni tí ó ń bèèrè wá ka ìbéèrè kẹtàdínlógún sí etí wa: ọdún wo ni Ìwé Ìròhìn bẹ̀rẹ̀, ọdún wo ni ó parí, kí ni ó sì mú un parí? Òfin ni pé ẹni tí ó bá kùnà nínú apá kan ti kùnà nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n fún wa ní ààyè díẹ̀ láti gbìmọ̀.

Àgbà tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìfọ́lé ni. Wọ́n fọ́ ilé àwọn òyìnbó, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé."

A bi í pé, "Ta ni ó fọ́ ọ?"

Ó ní, "Àwa ni. Àwa Ẹ̀gbá."

A wo ara wa. A wo ìlà iwájú. Oṣù mẹ́ta ni a ti fi ń kọ ọ́ pé àwa ni a kọ́kọ́ gba ìhìnrere tọwọ́tẹsẹ̀, pé Aké ni ṣọ́ọ̀ṣì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Báwo ni a ó ṣe dìde dúró níwájú àwọn àlùfáà kí a ní àwa kan náà ni a fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì? A bi Àgbà ní ibi tí ó ti rí i. Ó ní ìyá òun àgbà ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wa rẹ́rìn-ín. A kò ní sọ ẹni tí ó rẹ́rìn-ín, nítorí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a jùmọ̀ rẹ́rìn-ín náà ní inú wa. Olórí ẹgbẹ́ wa dìde, ó sì dáhùn pé owó ni ó tán lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, tí ara Townsend kò sì le mọ́, tí ó fi padà sí ìlú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kejì gba ìbéèrè náà lọ́wọ́ wa. Ìfọ́lé, ni wọ́n wí. Wọ́n gba máàkì, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ.

Kí àwọn ọmọ tí yóò ka èyí má ṣe kùnà bí àwa ti kùnà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861. Láti ìgbà náà ni àárín àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn tí ń ṣàkóso Èkó kò ti gún mọ́: ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò, ọ̀rọ̀ owó ibodè, ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Ní 1865, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, ọmọ ogun Èkó ni ó fi ìbọn lé wọn kúrò níbẹ̀. Ní ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Abẹ́òkúta, òyìnbó tí ó ń wàásù àti òyìnbó tí ó ń yìnbọn kò yàtọ̀ sí ara wọn mọ́, ó sì ṣòro láti dá wọn lẹ́bi pé wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 1867, ọjọ́ Ìsinmi ni, inú ìlú ru. Wọ́n kó ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n ba àwọn ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà sì bá a lọ. Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Èkó. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá tí wọ́n jẹ́ Kristẹni tẹ̀lé wọn, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta; ìdí nìyí tí ẹ ó fi máa gbọ́ Ẹ̀gbá lẹ́nu àwọn àgbà kan ní àdúgbò náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ tiwa. Nínú ọkọ̀, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí aago àdúrà tó lù, ọ̀rọ̀ ti kárí ilé-ìwé pé Àgbà ni ó fi ìtàn ìyá arúgbó da ẹgbẹ́ rú. A kò mọ ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ẹnu wa ni ó lè pa á, a kò sì ya ẹnu. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí sáà náà fi parí. Nígbà tí ó yẹ kí wọ́n tún yan ẹgbẹ́ ọdún tí ó tẹ̀lé e, orúkọ àwa mẹ́ta jáde, tirẹ̀ kò jáde. A dákẹ́ síbẹ̀ náà. Ní òpin ọdún yẹn ìyá rẹ̀ àgbà papò dà, bàbá rẹ̀ wá mú un lọ sí ìlú tí ó ti ń ṣiṣẹ́, a kò sì fi ojú kan án mọ́. Ìwé ìkọ̀wé aláwọ̀ búlúù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó lọ.

Ètò àjọ̀dún yìí ni ó tún mú wa rí i. Ọ̀kan nínú wa rí nọ́ńbà rẹ̀ lórí WhatsApp ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ó sì pè é. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó ń ṣe ní Ṣágámù. Àga tí ó wà nínú ilé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi kàn án, ó sì dára ju èyí tí a fi owó rà lọ. Ó gbà wá ní àlejò. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ kalẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ni a dọ̀bálẹ̀, àwa ọkùnrin mẹ́ta tí irun ti funfun, a sì sọ ohun tí ó yẹ kí a ti sọ láti 1988.

Ó ní kí a dìde. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Kì í ṣe ìdíje náà ni ó dùn mí. Ọmọdé a máa fìdí rẹmi. Ohun tí ó dùn mí ni pé ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pe ìyá mi àgbà ní òpùrọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ oúnjẹ wọn."

Òtítọ́ ni. A ti lọ sí Ìtọ́kù lọ́jọ́ ìsinmi kan, Ìyá Àgbà sì fi ọwọ́ aláró wọn bu ẹ̀wà fún wa. Ọwọ́ náà dúdú dé ọrùn ọwọ́. A kò lè dáhùn.

Ìgbà náà ni ó sọ ìyókù ìtàn tí ó fẹ́ sọ fún wa ní ọjọ́ tí a rẹ́rìn-ín. Ìyá ńlá Ìyá Àgbà jẹ́ Kristẹni ní 1867. Bíbélì odindi kò tíì sí ní èdè Yorùbá nígbà náà, 1884 ni ó tó jáde. Abala díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ti túmọ̀ ni àwọn onígbàgbọ́ ní lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Ìfọ́lé, obìnrin náà fi aṣọ di abala tirẹ̀, ó gbé e sínú ìkòkò aró tí ó ti gbẹ, ó sì da eérú lé e lórí. Ọkọ rẹ̀ ni ó fi í pamọ́ fún. Ọkọ rẹ̀ kan náà wà lára àwọn tí ó lọ fọ́ ilé. Ní alẹ́, ó padà wálé, ó wẹ ọwọ́, ìyàwó rẹ̀ sì gbé oúnjẹ fún un. Àwọn ẹbí kan kọjá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, àwọn méjèèjì dúró. Àgbà ní, "Ìyá mi kò sọ ọ́ kí ojú lè tì wá. Wọ́n ní inú ilé kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, àwọn sì jẹ́ ọmọ àwọn méjèèjì."

A bi í ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìjọ lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó lọ. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ náà, ó ní ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ó ń bèèrè ìbéèrè ti bi wá nìyẹn. Àwọn olùṣọ́ ìjọ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa ni ó di ìjọ mú. Àwọn òyìnbó kò sí níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ìjọ kò sì kú. Ní 1877, James Johnson, ẹni tí wọ́n ń pè ní Johnson Mímọ́, aláwọ̀ dúdú bí tiwa, ni wọ́n rán wá láti ṣe alábòójútó wọn.

Ó wọ inú yàrá lọ, ó sì mú ìwé ìkọ̀wé náà jáde. Àwọ̀ búlúù ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí. Ní ojú ìwé 21, lábẹ́ ìlà tí a fi parí ọ̀rọ̀ wa, ó ti fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ìgbà náà wá, pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré: Ìfọ́lé. Àwa mẹ́ta fi bírò kọ orúkọ wa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì kọ ọjọ́ tí a kọ ọ́. Ó gbà kí a fi ìwé náà ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ. Ó wà lọ́wọ́ olùtọ́jú yàrá ìkàwé báyìí, ẹni tí ó bá sì fẹ́ wò ó ní ọjọ́ àjọ̀dún kàn ní láti bèèrè lọ́wọ́ wọn.